Búrọ́ọ̀ṣì Ìfárùngbọ̀n Olówó Pọ́ọ́kú ní Deira àti Rolla

Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kò ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè dì mọ́wọ́ lọ. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, bóyá ni gígùn rẹ̀ fi ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ: apá kan irun, apá kan èèkù. Kò ní bátìrì, kò ní ohun tí ń yí, kò sì sí ìwé ìlò nínú páálí rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ kò pọ̀: kó gba omi, kó bá ọṣẹ jà títí ọṣẹ yóò fi hó, kó sì gbé ìfóòfó náà sójú láìta wá lára. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ohun kékeré kan lọ́jà Dubai tó rọrùn láti fi tan oníbàárà tó bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí ẹwà rẹ̀ wà kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Èèkù ni ojú ń rí, irun ló ń ṣiṣẹ́. Gọ́ọ̀mù tó so méjèèjì pọ̀, tí ojú ẹnikẹ́ni kì í tó, òun ló ń pinnu bóyá yóò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ibi tó ti pọ̀ jù ní Dubai ni àdúgbò Deira. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Al Sabkha, tó gba inú Naif lọ, kò ní pẹ́ kan àwọn ṣọ́ọ̀bù tóóró tí ń ta ohun èlò onígbàjámọ̀ ní páálí-páálí. Ọlọ́jà lè jẹ́ ọmọ Kerala, ó lè jẹ́ ará Pakistan tàbí Iran. “Bhai”, ìyẹn arákùnrin, ni gbogbo wa ń pe ara wa títí a ó fi ná ọjà tán. Lórí pẹpẹ, bíléèdì Lord láti Íjíbítì jókòó ti Treet láti Pakistan, Derby láti Tọ́kì wà lórí wọn. Ọṣẹ Arko wà níbẹ̀, kírímù Godrej àti Vi-John láti Íńdíà wà níbẹ̀ náà. Álọ́ọ̀mù oníhóró gìdìgbà tún wà, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní shabba. Àwọn ìyá wa ń dà á sínú omi kó lè tòrò; àwọn tibí ń fi í pa ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá fárùngbọ̀n tán, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Òórùn kọ̀lọ́ǹ ọsàn wẹ́wẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀mù, méjìlá-méjìlá lórí páálí kan, pẹ̀lú ọ̀rá tín-ín-rín lórí wọn.

Rolla ni Deira ti Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai. Igi ràbàtà kan ni wọ́n fi sọ agbègbè náà lórúkọ. Igi ọ̀hún kú ní 1978, ère rẹ̀ ni wọ́n gbé sí ọgbà Rolla Square báyìí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí ọgbà náà ká kì í ṣe ti onígbàjámọ̀ nìkan. Ìkòkò, bàtà, ṣájà fóònù, gbogbo rẹ̀ ló wà pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n á sì wà nídìí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Oríṣi tó wà níbẹ̀ kò tó ti Deira. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ wọn wà ní Dubai ló ń sùn ní Sharjah nítorí owó ilé, ẹni tó bá sì ti jókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ òpópó Al Ittihad lálẹ́ kò tún ní fẹ́ padà sí Deira nítorí irun lásán. Kó dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Láti January 2022, Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè ni òpin ọ̀sẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Sharjah. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni ò fún wọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tó fún ọjà yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó kéré jù lówó, tó máa ń wà láàárín dírámù 5 sí 10. Èèkù rẹ̀ jẹ́ ike, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bí ẹ bá fi èékánná kàn án, á dún kọ́kọ́. Irun rẹ̀ funfun lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n wá kun àárín rẹ̀ dúdú kó lè jọ irun ẹranko. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́: kì í ṣí kó fẹ̀, apá kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀ sí. Náílọ́ọ̀nù àtijọ́ ni, ó nípọn, orí rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e bọ́lẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gé e. Omi tí ẹ bá rì í sí ti yọ sílẹ̀ kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, irun á bẹ̀rẹ̀ sí í re, ẹ óò máa ṣa irun búrọ́ọ̀ṣì kúrò nínú irùngbọ̀n yín. Lọ́jọ́ kan, ìdì irun náà á fà yọ lódindi, èèkù á sì kù lọ́wọ́ yín. Dírámù 5 yẹn ò ra nǹkankan. Owó ọkọ̀ ojú omi abra tí ń gbé ènìyàn láti Deira sọdá sí Bur Dubai ò ju dírámù 1 lọ. Ìgbà márùn-ún ni dírámù 5 lè gbé yín kọjá odò.

Láti mọ èyí tó sàn, irun la óò kọ́kọ́ mọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló sì pín sí: ti ẹlẹ́dẹ̀, ti ẹṣin, ti ẹranko tí òyìnbó ń pè ní badger, àti àtọwọ́dá.

Bó bá jẹ́ Yúróòpù la wà, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni mi ò bá ní kí tálákà rà láìfọ̀rọ̀gùn. Àwọn ará Ítálì àti Potogí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Omega ti Ítálì ti ń bẹ láti 1931, Semogue ti Potogí láti 1955, owó wọn kì í sì í gani lára. Irun náà nípọn, ó le, ó sì máa ń mu omi sínú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n rì í sómi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ tuntun, á máa gún ènìyàn, á sì máa rùn bí ẹran tí òjò pa. Àmọ́ bí wọ́n ti ń lò ó, orí irun kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í là sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tó là yẹn ni ìrọ̀rùn rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó bá ní sùúrù fún un fún oṣù kan tàbí méjì, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ lórí tó sì le nídìí ló máa bá lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Lárúbáwá la wà yìí, ìdajì nínú wa tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá ló sì ń kírun. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà Maliki, èyí tí ọ̀pọ̀ jù nínú Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé, kò ka irun ẹlẹ́dẹ̀ tí a gé sí ẹ̀gbin. Ìlànà Shafi'i kà á sí ẹ̀gbin. Ní Màlésíà, níbi tí ìlànà Shafi'i ti gbilẹ̀, òfin ọdún 2013 sọ ọ́ di dandan pé kí ọjà tí wọ́n fi ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ajá ṣe ní àkọlé tó fi í hàn. Ní 2017, nítorí òfin náà, ìjọba wọn gbẹ́sẹ̀ lé búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó ju 2,000 lọ. Èmi kì í ṣe ààfáà, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni dá ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí páálí bá kọ “pure bristle” láìdárúkọ ẹran kankan, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọlọ́jà mìíràn ò mọ̀ rárá. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní ṣe ni wọ́n kó o wá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbé e, kó fi sílẹ̀ kó tó sanwó, nítorí kò sí ohun tó burú tó kéèyàn máa fi ìkóríra pa ọṣẹ sójú ara rẹ̀ láràárọ̀.

Irun ẹṣin ò ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìrùkẹ̀rẹ̀ rí ti mọ bó ṣe ń ṣe: ó ń dán, ó ń yọ̀, ó tẹ̀ fúnra rẹ̀, omi sì ń ṣàn gba ara rẹ̀ lọ. Láti gọ̀gọ̀ àti ìrù ẹṣin ni wọ́n ti ń gé e, ẹṣin náà ò sì kú sí i. Àwọn ará Sípéènì àti Tọ́kì ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ó rọ̀ ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ nígbà tó bá jẹ́ tuntun, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí i ní Deira.

Irun ẹṣin yìí náà ní ìtàn kan tó burú, ìtàn ẹ̀tàn sì ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irun badger tó dára wọ́n gógó nítorí pé ogun ti dí ọ̀nà tó ń gbà dé ọjà. Àwọn oníṣòwò wá mú irun ẹṣin, wọ́n kùn ún kó lè jọ badger, wọn ò sì sè é dáadáa kí àrùn inú rẹ̀ kú. Àrùn anthrax, tí ń pa màlúù àti ẹṣin, bá a wọ ilé. Àwọn ọmọ ogun Bírítéènì àti ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ní egbò dúdú lójú àti lọ́rùn níbi tí abẹ ti bù wọ́n, àwọn mìíràn sì kú. Ní 1920 ìjọba Bírítéènì fòfin de búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tó ń ti Jàpáàn wọlé. Lónìí wọ́n ti ń fi ooru àti oògùn tọ́jú irun kí wọ́n tó dì í, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kíkun irun olówó pọ́ọ́kú kó lè jọ badger ò tíì kúrò lọ́jà: àmì dúdú tó wà láàárín irun náílọ́ọ̀nù onídírámù 5 yẹn, àwòkọ badger náà ni.

Kí wá ni badger? Ẹranko kúkúrú, elékanna gígùn, tí ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní Yúróòpù àti Éṣíà. China ni èyí tó pọ̀ jù nínú irun rẹ̀ ti ń wá. Irun kan ṣoṣo ní àwọ̀ mẹ́ta: ó pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, ó dúdú láàárín, ó funfun lórí. Tí wọ́n bá dì í pọ̀, àwọ̀ náà á tò yí ká láìfi ẹnikẹ́ni ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì lẹ́wà. Mi ò lè parọ́. Ó máa ń mú omi púpọ̀ mọ́ra, tó bá dára gan-an, orí rẹ̀ máa ń rọ̀ múlọ́múlọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Kent ti Bírítéènì, tó ti wà láti 1777, àti Simpson, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1919, ń ṣe é ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dírámù. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù.

Ibi tí wọ́n ti ń mú àwa ni “pure badger” tí wọ́n ń tà ní dírámù 25 tàbí 30. Àkọlé náà ò parọ́, badger ni lóòótọ́. Àmọ́ ipò ìsàlẹ̀ pátápátá ni “pure” wà nínú ìpele badger. “Best” ga jù ú, “silvertip” ló wà lókè, kò sì sí àjọ kankan tó ń bá wọn wọn ìpele wọ̀nyí, olúkálukú ló ń sọ tirẹ̀. Irun tí wọ́n ń kó sínú èyí tó wà ní ipò ìsàlẹ̀ máa ń le, orí rẹ̀ máa ń ta. Kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, wọ́n á tún fi ìwọ̀nba irun díẹ̀ sí i, wọ́n á jẹ́ kó ga kó lè jọ pé ó pọ̀. Tó bá kan ojú tó ní egbò wẹ́wẹ́ lábẹ́ àgbọ̀n, ènìyàn á mọ̀ pé òun ra orúkọ ni. Ọ̀rọ̀ èmi lórí badger olówó pọ́ọ́kú ò ju ìyẹn lọ: ẹ fi í sílẹ̀.

Ó wá ku irun àtọwọ́dá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ẹ má fi náílọ́ọ̀nù àtijọ́ dá a lẹ́jọ́. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún tó kọjá, àwọn oníṣẹ́ rí ọ̀nà láti fa okùn ike tó tín-ín-rín púpọ̀, tó nípọn nídìí, tó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sórí títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é rí. Mühle ti ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi í ṣe búrọ́ọ̀ṣì tí olówó ń rà. Àwọn ará China mú un, wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Yaqi ni orúkọ tí ẹ óò rí jù lórí Amazon.ae àti noon, àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín dírámù 40 sí 70 ni mo ti máa ń rí i, ó sinmi lórí èèkù tí wọ́n fi sí i.

Ẹ gbé ọ̀kan lọ́wọ́. Irun rẹ̀ lè dúdú nísàlẹ̀ kó funfun lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní “tuxedo”, ó sì lè pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní gbígbẹ, ó ń dán díẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ẹni tó mọ irun ẹran ti máa mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Kò ní òórùn kankan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀: á ṣí yí ká, á dúró ní fífẹ̀, tí ẹ bá sì gbọ́wọ́ kúrò, á dìde padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi nu ètè: kò gún rárá. Irun yìí kì í mu omi sínú ara rẹ̀, àárín irun sí irun ló ń gbé omi sí, ìdí nìyẹn tí kò fi nílò rírì. Ẹ kán omi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ tó tó èékánná kan tó o. Kò sí pé à ń dúró de oṣù méjì kó tó rọ̀. Bó ṣe rí lónìí ló ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀. Mùsùlùmí lè lò ó, Kìrìsìtẹ́nì lè lò ó, ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n pa ẹran nítorí òun náà lè lò ó.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Òmíràn máa ń ta padà jù, tí ìfóòfó á fi máa fọ́n sí jígí àti sí ẹ̀wù ẹni. Òmíràn máa ń pa ìfóòfó mọ́ sínú bí ahun, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kó tó tú u sílẹ̀. Kò sì lè fún ènìyàn ní ìtura tí badger olówó ńlá ń fúnni. Ẹni tó bá sọ pé bákan náà ni wọ́n, ọjà ló ń tà.

Ohun mìíràn tó mú mi gba ti àtọwọ́dá ni ilẹ̀ tí à ń gbé. Omi Dubai àti Sharjah jẹ́ omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Omi bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ọṣẹ tètè hó, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n láti June títí dé September, táńkì orí òrùlé á gbóná débi pé ẹ̀rọ omi tútù náà á máa tú omi gbígbóná jáde lọ́sàn-án. Irun ẹran àti gọ́ọ̀mù tó dì í mú kì í fẹ́ omi tó gbóná jù lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin etíkun nínú oṣù August kì í jẹ́ kí ohunkóhun gbẹ nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Nínú bẹ́dísípéèsì, ilé tí olúkúlùkù ti ń yá ibùsùn kan, tí ènìyàn mẹ́fà ń pín balùwẹ̀ kan, tí wọ́n ń wẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láti agogo 4 àárọ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹran á máa tutù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, á bu, á máa rùn. Àtọwọ́dá á gbẹ kí ẹni tó ni ín tó ti ibi iṣẹ́ dé. Síbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ sí balùwẹ̀ tí wọ́n ń pín. Búrọ́ọ̀ṣì tó ti kan ojú ẹlòmíràn kì í ṣe tiyín mọ́.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ìwọ̀n ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Fífẹ̀ ìdì irun níbi tó ti wọ inú èèkù ni wọ́n fi ń sọ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe tó. Mílímítà 24 tó fún ọ̀pọ̀ ojú. Èyí tó jẹ́ 20 kéré fún ẹni tó ń fá gbogbo àgbọ̀n, 28 sì máa ń wọ inú imú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n máa ń kọ ọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù Naif ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní rìn kiri pẹ̀lú rúlà. Ẹ yọ owó dírámù 1 onírin nínú àpò: mílímítà 24 géérégé ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e ti ìdí irun náà. Bí irun bá tó o, ó ti dára. Gíga irun láti etí èèkù dé orí kó wà ní bíi mílímítà 50. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa ṣubú lulẹ̀ lójú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì la ìdì irun náà láàárín, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá rí gọ́ọ̀mù ní gbangba bí ilẹ̀ tí koríko ò bò, irun ò kún tó. Ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ wò: nígbà mìíràn gọ́ọ̀mù máa ń gun àárín irun wá sókè, tó bá gbẹ á di kókó líle kan, irun ò ní lè tẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ fà á díẹ̀. Irun kan tàbí méjì lè tẹ̀lé yín, kò sí ẹ̀bi; bó bá jẹ́ ìdìpọ̀ ló tẹ̀lé yín, ẹ dá a padà fún bhai pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n fi iná sun irun kan: ti ẹran á rùn bí irun tó jóná, àtọwọ́dá á yọ́, á di kóró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, ilé ni ẹ ti lè ṣe é.

Èèkù ló kù, mo sì mọ̀ pé òun ló máa pe yín. Irin dídán, tó wúwo, tó ń tàn bí góòlù Deira, máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tó ti kan ọṣẹ, tó bá sì bọ́ sínú abọ́ ìfọwọ́, abọ́ náà á fọ́. Igi dára lójú, àmọ́ nínú balùwẹ̀ tí kì í gbẹ, á wú, á sán, omi á sì wọ ibi tí gọ́ọ̀mù wà. Resin, ike líle, ni kí ẹ wá: inú rẹ̀ dí, ó wúwo ní ìwọ̀nba, ó sì ní ìbàdí tí ìka lè dì mú. Àwọ̀ tó wù kó ní kò kàn mí. Nínú ọwọ́ tó tutù ni kí ẹ ti dán an wò. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní ìgò omi lábẹ́ káńtà, wọ́n á fún yín tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n.

Onígbàjámọ̀ àtijọ́ nílẹ̀ wa ò lo gbogbo èyí, ọwọ́ lásán ló fi ń pa omi àti ọṣẹ sí orí ènìyàn kó tó gbé abẹ. Àwọn bàbá tó jẹ́ olùkọ́ àti akọ̀wé nígbà òyìnbó ló mọ búrọ́ọ̀ṣì dáadáa. Ní Deira lónìí, ìfóòfó inú agolo ni ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ ń fọ́n, á fọ́ bíléèdì tuntun sí méjì, á fi ìdajì sínú abẹ rẹ̀, iṣẹ́ á parí kí mínítì mẹ́wàá tó pé. Ẹni tó ní bọ́ǹpùsì, àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí irun wa tó ká ń fà nígbà tó bá padà wọ inú awọ, kò gbọ́dọ̀ fi ìkánjú fá. Omi ló ń mú kí irun rọ̀ kí abẹ tó kàn án, ìfóòfó tó nípọn sì ni ó ń jẹ́ kí omi náà dúró. Ohun tí búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe oògùn bọ́ǹpùsì. Ẹ má fi í yí lójú bí ẹni ń fọ ìkòkò, ẹ máa fi kùn ún lọ kùn ún bọ̀, kí ẹ fá irun síbi tó kọjú sí. Bí dókítà awọ bá ní kí ẹ má fá mọ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ má ra ohun ìgbékọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń fi kún un. Ẹ fi omi ṣan án, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e nàró sórí wíńdò yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Bí ó bá jẹ́ dírámù 60 péré ni ẹ ní, ẹ ra àtọwọ́dá tí ìdì irun rẹ̀ jẹ́ mílímítà 24, tó ní èèkù resin, kó má kọjá 50, kí ẹ fi ìyókù ra ọṣẹ Arko kan àti álọ́ọ̀mù ní Deira. Badger olówó pọ́ọ́kú, ẹ má ná dírámù kan lé e lórí, bó ti wù kí páálí rẹ̀ dára tó.